Ọjọ́ Tí Bàbá Kòníjò Jókòó Ti Ìyàwó Rẹ̀

Nígbà tí àlùfáà tuntun ka ìkéde náà tán, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́ rọ́rọ́ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ó ní láti ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, kò ní sí pé àwọn ọkùnrin ń jókòó lápá ọ̀tún, tí àwọn obìnrin ń jókòó lápá òsì mọ́. Tọkọtaya yóò máa jókòó pọ̀ lórí àga kan náà. Ìwé orin kan ni wọn yóò jọ máa lò, wọn yóò jọ kúnlẹ̀, kí wọ́n tó sì gba oúnjẹ Olúwa, kálukú yóò yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò wò ó lójú, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ kí i ní kíkí àlàáfíà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé wọ́n fẹ́ kun ilẹ̀kùn ní ọ̀dà. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní kí àwọn akọrin dìde.

Lápá ọ̀tún, lórí àga iwájú pátápátá, ìwé orin bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Kòníjò. Ó balẹ̀ gbì, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló bá a ṣà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá yìí jẹ́. Atúnbàtàṣe ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé rẹ̀, yàrá tóóró kan tó ń rùn fún awọ àti gọ́ọ̀mù, tí bàtà ìdajì àdúgbò ń dúró de ìwòsàn lórí pákó ara ògiri. Bí ó bá ti kan ìṣó ìkẹyìn, á yí bàtà náà padà, á fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ yí ká, á wá nà án sí oníbàtà, á ní, "Kò ní jò mọ́." Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú ló ti ń sọ gbólóhùn yìí, títí tó fi di orúkọ mọ́ ọn lára. Kì í sì í ṣe irọ́. Bàtà tí bàbá bá tún ṣe, ẹni tó wọ̀ ọ́ lè gba inú àgbàrá kọjá.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni Bàbá Ìjọ. Òun ni wọ́n ń mú àwọn tó fẹ́ fẹ́ ara wọn lọ bá, kí ó bá wọn sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Á jókòó, á káwọ́ lé ikùn, á sọ fún wọn pé ahọ́n àti eyín máa ń jà, wọn a sì tún parí ẹ̀. Pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá ìbínú wọn. Pé ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ a máa dùn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ náà á máa wò ó bí ẹni ń wo ilé tí wọ́n ń gbàdúrà pé kí àwọn náà kọ́. Ìyàwó rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń nu ilẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí, á jókòó lápá òsì pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ nini, á máa kọrin ní tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bú tọkọtaya tó ń jà, á ní kí wọ́n lọ wo Bàbá Kòníjò àti ìyàwó rẹ̀.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọdún kẹta rèé tí àwọn méjèèjì ti yan ara wọn lódì.

Ohun tó fà á kò gùn ní sísọ. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn ní ìlú mìíràn, wọ́n sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n tètè máa bọ̀. Ìyàwó ní kí bàbá ti ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn jọ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì ni, òun sì ni alága ètò. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àjọ̀dún kọjá ná, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí nǹkan ṣe ìyá. Àjọ̀dún dùn, ó kọjá. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀hún, wọ́n ti fi aṣọ funfun bo ìyá lójú.

Ìyàwó kò pariwo. Inú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà wálé ló ti sọ gbólóhùn tó sọ fún un kẹ́yìn: "Ẹ ti ṣe àjọ̀dún yín. Kò sí ọ̀rọ̀ láàárín èmi àti ẹ̀yin mọ́." Bàbá kò bẹ̀ ẹ́. Ó rò pé bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́, ara obìnrin á rọ̀. Nígbà tí ara kò rọ̀, inú bí òun náà, ó ní ta ló ń fi ọwọ́ pa Bàbá Ìjọ lójú nínú ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó di oṣù, bẹ́ẹ̀ ni ó di ọdún.

Kì í ṣe pé ilé náà dákẹ́ o. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọn kàn kì í sọ ọ́ fún ara wọn ni. Ìyàwó á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á kọjú sí ògiri, á ní, "Oúnjẹ wà níbí fún ẹni tí ebi bá ń pa." Bàbá á jẹun, á wá sọ fún ife omi pé iyọ̀ pọ̀ díẹ̀. Bí òjò bá ṣú, fèrèsé ni bàbá máa ń kìlọ̀ fún pé aṣọ ṣì wà lórí okùn níta. Àwọn ọmọ wọn ti ní ilé tiwọn, kò sí ẹni tó mọ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi, tọkọtaya yìí á jọ jáde, bàbá níwájú, ìyàwó lẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á sì pínyà lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ọ̀tún, ọ̀kan òsì. Ìjókòó àwọn baba ńlá yẹn ló ń bò wọ́n láṣìírí. Òun gan-an ni àlùfáà ọmọkùnrin tí kò tíì ní ewú kan ṣoṣo lórí yìí wá fẹ́ ká kúrò.

Bàbá jà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó pe akọ̀wé ìjọ àti olórí akọrin sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní àwọn tó dá ṣọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀, ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ní lónìí wọ́n ní kí ọkọ jókòó ti aya, lọ́la wọ́n á ní kí kálukú máa gbé ibùsùn bọ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n fi ọjọ́ ìsinmi kan wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn, àwọn àgbà yóò kóra jọ lọ bá àlùfáà.

Ara bàbá kò gbà á kí ó dúró. Òun nìkan lọ sílé àlùfáà lọ́jọ́ kejì, ó ka ẹsẹ Bíbélì sílẹ̀ bí ẹni ń ka ìṣó. Àlùfáà gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó dúpẹ́. Ó wá ní ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń wá sunkún sí òun lọ́rùn pé àwọn ń gbé inú ilé kan náà bí àjèjì, òun sì rò ó pé inú ilé Ọlọ́run ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ti í sún mọ́ ara ẹni.

"Ẹ̀yin àti ìyá ni mo sì fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, Bàbá," ni ó wí. "Àga iwájú ni mo fi yín sí. Ẹ̀yin ni gbogbo wa ó máa wò."

Bàbá kò rántí bí òun ṣe délé. Ohun tó rántí ni pé ó bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ààrò, tí obìnrin náà sì ń sọ fún ìkòkò pé wọ́n ní àwọn yóò jọ jókòó lọ́jọ́ ìsinmi, kí ẹni tí kò bá fẹ́ tètè wí. Bàbá bọ́ aṣọ rẹ̀, ó sọ fún ìṣó tó fi í kọ́ pé kò sí ẹni tó ní òun kò fẹ́.

Òjò ńlá rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n jọ rìn lábẹ́ agbòòrùn méjì. Ní ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ bàbá fẹ́ yà sí ọ̀tún bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe, ọmọbìnrin tó ń júwe àyè ló rọra fọwọ́ kàn án lápá. Wọ́n jókòó. Àyè tó wà láàárín wọn tó ọmọ ọdún márùn-ún jókòó sí. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, bàbá di etí ìwé orin kan mú, ìyàwó di etí kejì mú, bí àwọn méjì tó ń gbé tábìlì gba ẹnu ọ̀nà. Ó ti pẹ́ tí bàbá ti rí ọwọ́ yẹn nítòsí báyìí. Ọṣẹ àti omi ilé ìgbẹ̀bí ti jẹ ẹ́, ó ti là pẹrẹpẹrẹ létí èékánná. Bàbá gbójú kúrò níbẹ̀, ó ń kọrin ẹsẹ kejì nígbà tí ìjọ ti wà ní ẹsẹ kẹta.

Àlùfáà ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Ìyàwó kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dorí kodò. Orúnkún bàbá kì í yá, bí ó sì ti ń rọra sọ̀kalẹ̀, awò ojú rẹ̀ yọ̀ bọ́ nínú àpò àyà, ó yí lọ sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Bàbá tẹ̀, ó na ọwọ́ láti mú un. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bá àtẹ́lẹ̀ bàtà obìnrin náà.

Ihò ni. Ihò tó fẹ̀ tó ẹnu ife tíì, ní ọ̀tún, èkejì rẹ̀ ní òsì. Páálí ni wọ́n fi dí wọn láti inú, páálí ọ̀hún ti mu omi òjò, ó ti rọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì, awọ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ sì hàn létí rẹ̀, ó ti funfun nítorí omi. Bàbá rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Ó wọ awò, ó tún wò ó.

Bí wọ́n ṣe gé páálí náà ló mú kí ó tẹjú mọ́ ọn. Wọ́n dẹ ọ̀bẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n tó gé e, kí etí rẹ̀ má baà máa jẹ ẹsẹ̀. Yàtọ̀ sí òun, kò sí ẹlòmíràn tó ń gé e bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn, tí kò sí owó láti gba ọmọ iṣẹ́, ìyàwó yìí ló máa ń jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá sì ni ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí ó kọ́ ọ bí a ti í dẹ ọ̀bẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí òun kì í bá sọ̀rọ̀.

Háà. Bàtà ìyàwó Kòníjò ń jò. Atúnbàtàṣe mìíràn wà ní oríta, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ta ni ìyàwó Bàbá Kòníjò yóò gbé bàtà rẹ̀ lọ bá, tí gbogbo àdúgbò kò ní mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú pé nǹkan ti bàjẹ́ nínú ilé Bàbá Ìjọ? Kò lè gbé e fún ọkọ rẹ̀, kò sì fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn. Ó ń fi ihò méjèèjì tẹ ilẹ̀ tútù ilé ìgbẹ̀bí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí orúkọ ọkọ tó ń bínú sí má baà bàjẹ́. Ojú ti bàbá.

Ó tú fìlà rẹ̀ tó ti ká mọ́wọ́, ó fi bo àtẹ́lẹ̀ bàtà náà kí àwọn tó wà lẹ́yìn má baà rí i. Bí ó ti bò ó tán ni ó bi ara rẹ̀ léèrè pé ta gan-an ni òun ń bò. Ó mú fìlà náà kúrò.

"Ẹ dìde," ni àlùfáà wí. "Kí olúkúlùkù yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, kí ó kí i ní àlàáfíà."

Ariwo jẹ́jẹ́ gba inú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń tijú, àwọn kan ń fi ẹnu bo ẹ̀rín. Ìyàwó yíjú, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá ògiri bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ògiri níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni bàbá ti fi kọ́ bí òun yóò ṣe kùn "àlàáfíà" sínú irùngbọ̀n. Ó la ẹnu. Ohun tó jáde kì í ṣe èyí tó kọ́.

"Bàtà rẹ ń jò," ni ó wí.

Ìyàwó wò ó títí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń jò."

"Mo jẹ̀bi rẹ," ni bàbá wí. Ohùn tó fi ń pàṣẹ ètò àjọ̀dún ló fi sọ ọ́, kò mọ bí a ti í dín in kù. "Mo jẹ̀bi ìyá rẹ. Ó yẹ kí n ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà kí a máa lọ. Àjọ̀dún ì bá wáyé láìsí mi."

Olórí akọrin ya ẹnu sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí bàbá ti bá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ń wo ara wọn. Àlùfáà fúnra rẹ̀ dúró pẹ̀lú ọwọ́ lókè, ó gbàgbé láti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òun náà kò mọ̀ pé irú èyí ló wà lábẹ́ aṣọ tí òun ń ká. Bàbá ń retí pé kí ìyàwó rẹ̀ sọ pé ó ti tán. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin ni ìyá mi pè kẹ́yìn," ni ìyàwó wí. "Kì í ṣe èmi. Ó ní kí wọ́n bá òun pe ọmọ òun ọkùnrin, tó ń ṣe bàtà fún ẹsẹ̀ òun tó wú. Mo fi pa mọ́ fún yín nítorí inú ń bí mi."

Bàbá Kòníjò jókòó. Ó sunkún níwájú gbogbo ìjọ, láìfi ọwọ́ bojú, àgbàlagbà tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó náà jókòó. Àyè ọmọ ọdún márùn-ún tó wà láàárín wọn kò sí mọ́, kò sì sí ẹni tó rí ìgbà tí ó kúrò. Nígbà tó kan àwọn tó wà níwájú láti lọ gba oúnjẹ Olúwa, wọ́n jọ lọ.

Nígbà tí ìsìn parí, àdúgbò rí ohun tí wọn kò rí rí. Ìyàwó ń bọ̀ nínú bàtà ọkùnrin ńlá tó ń gbá a lẹ́sẹ̀ pàà, pàà. Bàbá Ìjọ ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán nínú ẹrẹ̀, ó gbé bàtà obìnrin méjì lọ́wọ́, kò sì fi wọ́n pa mọ́ sábẹ́ aṣọ. Àwọn kan kí i, wọ́n sì gbàgbé láti pa ẹnu dé.

Ní ọ̀sán, akọ̀wé ìjọ àti olórí akọrin wá bí wọ́n ṣe ṣe àdéhùn. Láti òkèèrè ni wọ́n ti ń gbọ́ òòlù, wọ́n rò pé etí àwọn ń tan àwọn jẹ. Bàbá yìí kan náà ló bá télọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ nígbà kan nítorí pé télọ̀ náà fi ẹ̀rọ ránṣọ lọ́jọ́ ìsinmi. Wọ́n bá a tó fi ètè di ìṣó mú, ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí àpótí tì í, ó ń dẹ ọ̀bẹ gé awọ.

Akọ̀wé ní, "Bàbá, ọjọ́ ìsinmi lòní o."

Bàbá mi orí pé òun mọ̀.

"Ọ̀rọ̀ àlùfáà ńkọ́? A ní a ó lọ bá a."

Bàbá yọ àwọn ìṣó kúrò lẹ́nu níkọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí itan. Ó ní kí wọ́n má retí òun. Ó ní ẹ̀rù àga yẹn ṣì ń ba òun, kò sì dá òun lójú pé yóò tètè tán, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni òun yóò máa jókòó sí.

"Ẹ̀yin náà ẹ lọ sílé," ni ó wí, "kí kálukú gbé bàtà ìyàwó rẹ̀ sókè, kí ó wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wò ó tán tí ẹ ṣì fẹ́ padà sí apá ọ̀tún, ẹ wá pè mí."

Olórí akọrin ní òun rántí nǹkan tí òun fẹ́ ṣe nílé. Akọ̀wé ní kí ó dúró de òun.

Ó ku ẹsẹ̀ kan. Bàbá kàn án, ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ yí ká. Ó fi aṣọ nu ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ gbẹ, ó wọ bàtà méjèèjì sí i lẹ́sẹ̀. Ìyàwó dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà, ó dúró, ó ń retí gbólóhùn tí gbogbo ayé mọ̀. Bàbá la ẹnu, gbólóhùn náà kò wá.

"Bí ó bá tún ń jò," ni ó wí, "wí fún mi."

Ìyàwó wo ògiri tí ó ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Màá wí," ni ó dáhùn. "Bí iyọ̀ bá pọ̀, ẹ̀yin náà ẹ máa wí fún mi. Ẹ fi ife omi sílẹ̀."